Lẹ́tà F tó wà lẹ́yìn pírósẹ́sọ̀ mi: DaVinci Resolve Studio àti kọ̀ǹpútà tí mo tún tò

Ìyá ìyàwó pè mí ní Ọjọ́rú. "Àǹtí oní-fídíò, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀la lẹ dá fún wa o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà, ọ̀la ni. Nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, mo yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ibi tí mo fi í sí náà ló ṣì wà: aláàga ìdúró la ẹnu sílẹ̀, kò rí i pa dé. Ohùn rẹ̀ ti lọ síwájú, àwòrán rẹ̀ kò bá a lọ. Mo tẹ play, àwòrán bíi mẹ́ta fò kọjá, ó dúró. Mo tún un tẹ̀, méjì fò kọjá, ó tún dúró. Fídíò wákàtí mẹ́rin ni, kámẹ́rà méjì ni wọ́n fi yà á, láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn mi ò sì tíì gé ju ìṣẹ́jú mọ́kànlá lọ.

Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Mókọ́lá. Láti 2013 ni mo ti ń ṣe ẹ́díìtì: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìwúyè, àti fíìmù Yorùbá fún àwọn tó ń gbé tiwọn sórí YouTube. Ohun méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: sọ́fítíwià tí mo fi ń gé fídíò, ìyẹn DaVinci Resolve Studio, àti àwọn nǹkan tí mo pààrọ̀ nínú kọ̀ǹpútà mi kó tó lè gbé e. Owó mi ni mo fi ra gbogbo rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi ta mí lọ́rẹ. Owó tí mo kọ́kọ́ ná, ibi tí ìṣòro wà kọ́ ni mo ná an sí, mo sì mọ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó ń kó èrè oṣù mẹ́fà jọ lọ́wọ́lọ́wọ́ kí wọ́n lè ṣe ohun kan náà gẹ́lẹ́.

Kámẹ́rà ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Sony A7 III ni àwọn tó ń bá mi ya fídíò ń lò tẹ́lẹ̀. Fáìlì rẹ̀ kì í yọ kọ̀ǹpútà lẹ́nu: H.264 ni (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń fún fídíò pọ̀ kó má bàa tóbi jù), 8-bit, 4:2:0. Nígbà tó yá, wọ́n ra A7 IV, inú gbogbo wa dùn. Wọ́n yí i sí 4K, àwòrán àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, XAVC HS, 10-bit, 4:2:2. Ohun tó jáde níbẹ̀ rẹwà, ojú gbogbo wa ló rí i. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tó ń sáré tẹ́lẹ̀ wá di arúgbó tó ń fọ̀pá rìn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé nọ́ńbà wọ̀nyí, torí pé inú wọn ni gbogbo owó mi gbà lọ. Ní 8-bit, ìpele 256 ni pupa ní, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ ewé àti búlúù. Ní 10-bit, ìpele ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di 1,024. Ní 4:2:0, pixel mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan láàárín ara wọn; ní 4:2:2, méjì péré ló ń pín in. Nítorí náà, àwọ̀ tó wà nínú fáìlì A7 IV yẹn pọ̀ gan-an, ohun tó sì dára ni fún àwa tí à ń ṣiṣẹ́ lórí awọ dúdú àti aṣọ òkè. Ṣùgbọ́n H.265, ọ̀nà ìfúnpọ̀ tuntun tí XAVC HS ti Sony ń lò, kì í tọ́jú àwòrán kọ̀ọ̀kan lódindi. Ó máa ń tọ́jú ọ̀kan lódindi, fún àwọn tó tẹ̀ lé e ó kàn máa ń kọ ohun tó yí padà sílẹ̀ ni. Tí ẹ bá ní kó gbé àwòrán ogún wá fún yín, àfi kó ti orí ọ̀kan ṣírò bọ̀. Tí kò bá sí ẹ̀yà kan nínú kọ̀ǹpútà náà tí wọ́n dìídì ṣe fún ìṣírò yìí, pírósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni yóò máa fi agbára ojúgun ṣe é, àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, fún kámẹ́rà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Apá rẹ̀ kò lè ká a.

Fáìlì ọ̀hún tún tóbi. 200 megabit ló ń kọ sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tó já sí 90 GB fún wákàtí kan láti inú kámẹ́rà kan. Wákàtí mẹ́rin, kámẹ́rà méjì, ó di 720 GB. Ìgbéyàwó ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn o.

Iṣẹ́ tí mò ń wí yẹn kò jáde ní Ọjọ́bọ̀. Gbogbo òru Ọjọ́rú ni mo fi sọ àwọn fáìlì náà di proxy, ẹ̀dà kékeré tó fúyẹ́, tí èèyàn fi ń gé, tí sọ́fítíwià yóò wá fi ojúlówó rọ́pò rẹ̀ nígbà render, ìyẹn nígbà tí a bá ń yọ fídíò tó parí jáde. Sátidé ni mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá ìyàwó, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n ojú wọn kò dùn.

Gbogbo ẹni tí mo fọ̀rọ̀ lọ̀ ló dáhùn bákan náà: "Ra GPU." GPU ni káàdì tó ń ṣe iṣẹ́ àwòrán nínú kọ̀ǹpútà. Èyí tó wà nínú tèmi nígbà náà ni GTX 1650, tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ 4 GB. Bí mo ṣe wọ ọkọ̀ ní Ìwó Road nìyẹn, ó di Ìkẹjà, Computer Village. Ẹni tó bá mọ Ọ̀tìgbà, àdúgbò tí ọjà náà wà, mọ bí ibẹ̀ ṣe rí: kí ẹsẹ̀ yín tó balẹ̀, ọmọkùnrin mẹ́rin ti yí yín ká, "Àǹtí, kí lẹ fẹ́ rà? Laptop ni? Fóònù ni? Ẹ wá wò ó níbí." Mi ò dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí mo fi gun òkè lọ bá bùọ̀dá kan tí wọ́n júwe fún mi. Mo sì gbádùn iṣẹ́ ọkùnrin náà. RTX 3060 tòkunbọ̀ ló gbé jáde, 12 GB. Kí n tó dá iye tí màá san, ó fà á lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ kọ́kọ́ wo orí àwọn skúrúù rẹ̀. Tí orí wọn bá ti bó, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tú u rí. Ẹ wo ìdí rẹ̀ níbí, bóyá òróró ń jáde lára rẹ̀. Káàdì tí wọ́n bá ti fi wa crypto tọ̀sán-tòru, ibí yìí ló ti máa ń jẹ́wọ́." Mo wò ó lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì fóònù mi. Orí skúrúù kò bó, ìdí rẹ̀ gbẹ. Ó tẹ̀ ẹ́ bọ inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì rẹ̀, ó gbé iṣẹ́ lé e lórí fún ogún ìṣẹ́jú, àwa méjèèjì jókòó tì í, à ń wo bí ooru rẹ̀ ṣe ń lọ sókè títí tó fi dúró sójú kan. Ó tún kọ nọ́ńbà ìdí rẹ̀ sí rìsíìtì mi. Bó ṣe yẹ kí èèyàn máa tajà nìyẹn.

Mo délé, mo tẹ káàdì náà bọ inú kọ̀ǹpútà, mo ṣí fídíò A7 IV. Aláàga la ẹnu, kò pa á dé.

Mo ṣí Task Manager, ibi tí Windows ti ń fi hàn bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. CPU, ìyẹn pírósẹ́sọ̀, wà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún. GPU tuntun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ti Ìkẹjà dé wà ní 9. Mo wo nọ́ńbà méjèèjì yẹn pẹ́. Ẹnì kan ń kú lọ lórí iṣẹ́, ẹnì kejì rẹ̀ ká ọwọ́ gbera.

Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú iṣẹ́ yìí, tó wà ní Òṣogbo, ló tú u fún mi lórí fóònù. Ó ní, "Ka orúkọ pírósẹ́sọ̀ rẹ sí mi létí." Mo ní i5-12400F. "Kí ló gbẹ̀yìn rẹ̀?" Mo ní F. Ó mí kanlẹ̀. "Ohun tó ń bá ọ fínra nìyẹn."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí rèé. Púpọ̀ nínú pírósẹ́sọ̀ Intel ló ní GPU kékeré tiwọn nínú, ẹ̀yà kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Quick Sync, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa tú fídíò. Láti ìran kọkànlá lọ sókè, Quick Sync lè tú H.265 10-bit 4:2:2 láìlàágùn. Lẹ́tà F túmọ̀ sí pé kò sí GPU inú yẹn, torí náà kò sí Quick Sync. Káàdì NVIDIA ní ẹ̀yà tirẹ̀ tó ń tú fídíò, ó dáńgájíá, ṣùgbọ́n RTX 30 àti RTX 40 kò mọ 4:2:2 yìí rárá. RTX 50 tó jáde ní 2025 ni wọ́n tó fi kún un. Kọ̀ǹpútà Apple mọ̀ ọ́n láti M1 ti 2020. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rẹ́ yín kan tó ń lo MacBook fi lè máa ṣe fáìlì kan náà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tí desktop yín ń pọ̀ọ̀kà.

Ẹni tó to kọ̀ǹpútà mi fún mi ní 2022 kò sọ èyí fún mi. Mo rántí pé mo bi í léèrè nípa F yẹn nígbà tí mo rí i lára páálí, ó ní, "Mọ̀dámù, ọ̀kan náà ni wọ́n, owó ni tiyín fi dín." Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà fún ẹni tó ń fi fídíò jẹun. Ó dùn mí. Ó yẹ kí ẹni tó ń to kọ̀ǹpútà máa bi oníbàárà léèrè iṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe kó tó yàn fún un.

Mo padà sí Ọ̀tìgbà, ọ̀dọ̀ bùọ̀dá kan náà. i7-12700 ni mo gbà, láìsí F nídìí rẹ̀. Ó wọ mọ́dábọ́ọ̀dù tí mo ní tẹ́lẹ̀, mi ò ní láti pààrọ̀ ìyẹn. Core méjìlá ló wà níbẹ̀, ńlá mẹ́jọ, kékeré mẹ́rin. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í mọ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ fetí sí i. Ní ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, tí káàdì ńlá bá ti wà nínú rẹ̀, BIOS, ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà dìde, yóò pa GPU kékeré inú pírósẹ́sọ̀. Ẹ ní láti wọ BIOS lọ tàn án padà fúnra yín. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni. Lẹ́yìn ìyẹn, nínú Resolve Studio, ẹ lọ sí Preferences, ẹ wá Decode Options, ẹ fi àmì sí Intel Quick Sync.

Mo fi àmì sí i. Mo tẹ play. Aláàga pa ẹnu dé, ó rẹ́rìn-ín, ó yí sí àwọn ẹbí ọkọ, ó ní kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, gbogbo wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwòrán kan kò fò. Mo gbé kámẹ́rà kejì tì í, méjèèjì ń lọ. Ọmọ iṣẹ́ mi tó dúró lẹ́yìn mi pàtẹ́wọ́.

Ó kù sọ́fítíwià fúnra rẹ̀. Blackmagic Design ti Ọsirélíà ló ni DaVinci Resolve. Ní 2009 ni wọ́n ra da Vinci Systems, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ àwọ̀ rẹ̀ wọ́n débi pé àwọn ilé iṣẹ́ fíìmù ńláńlá nìkan ló lè rà á. Lónìí, ẹ lè gba ẹ̀dà kan lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì ní fi àmì omi (watermark) sí orí iṣẹ́ tí ẹ bá fi gé, gbé àwọ̀ sí, tún ohùn rẹ̀ ṣe. Ọdún mẹ́ta ni mo fi lo ọ̀fẹ́ yẹn, mo fi bọ́ ara mi. Ẹ̀dà Studio ni wọ́n ń tà, dọ́là 295, ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa san án. Ní àkókò tí dọ́là kan ń lọ sí 1,500 náírà, iye yẹn jẹ́ 442,500 náírà. Kì í ṣe owó kékeré. Ṣùgbọ́n Premiere Pro ti Adobe, oṣooṣù ni wọ́n ń gba owó rẹ̀. Ẹni tí owó dọ́là ń yí lọ́wọ́ bí tiwa, tí kò mọ iye tí oṣù tó ń bọ̀ yóò jẹ́, sísan lẹ́ẹ̀kan ń fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀. Láti ìgbà tí mo sì ti sanwó, gbogbo ẹ̀dà tuntun tó jáde ni mo gbà láìsan kọ́bọ̀ kún un.

Káàdì náírà mi kò gbà láti sanwó náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ló bá mi rà á, ó ya àwòrán key náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Key kan ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà méjì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ibi tí Resolve ti gba ọkàn mi ni àwọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ìyá ọkọ kan wọ sányán, ojúlówó, aṣọ tí ìyá tó bí wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Gbogbo wa mọ àwọ̀ sányán, ó dà bí àgbàdo tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn. Àwọn tó tan iná gbọ̀ngàn náà fi búlúù àti elésè àlùkò dí gbogbo òrùlé. Nínú fídíò, sányán di eérú. Ó dà bí ẹni pé aṣọ àlòkù tó ti ṣá ni wọ́n wọ̀ wá síbi ìgbéyàwó ọmọ wọn. Mi ò lè gbé irú ìyẹn jáde.

Mo kọ́kọ́ mú qualifier, irinṣẹ́ tó ń yan àwọ̀, mo fi tọ́ka sí aṣọ náà. Ó yan aṣọ, ó tún yan ìwájú orí ìyàwó àti apá onílù, torí pé lábẹ́ iná yẹn àwọ̀ wọn sún mọ́ra. Mo wá fi Power Window pààlà yí aṣọ náà ká, mo sì ní kí tracker máa gbé ààlà náà tẹ̀ lé wọn bí wọ́n ṣe ń jó. Tí wọ́n bá yí, ó ń yí. Nígbà tí ẹnì kan kọjá níwájú wọn, ó ṣáko díẹ̀, mo fi ọwọ́ dá a padà. Ní node kejì (node ni ìpele iṣẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú Resolve), mo fa búlúù kúrò nínú aṣọ nìkan, mo da pupa àti ìyeyè sí i díẹ̀díẹ̀. Ibí ni 10-bit 4:2:2 yẹn ti san owó rẹ̀ padà. Tí mo bá ṣe irú èyí lórí fáìlì A7 III, etí aṣọ máa ń já bí ìwé tí eku jẹ, ìlà-ìlà á sì hàn níbi tó yẹ kó ti dán. Èyí kò já. Ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ tó wà lára òfì náà hàn kedere. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta ni mo lò lórí ijó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Nígbà tí fídíò dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyá ọkọ fúnra wọn pè mí, wọ́n ní, "Aṣọ ìyá mi nìyẹn." Mi ò gba àfikún owó lórí iṣẹ́ yẹn, inú mi sì dùn títí di òní.

Káàdì RTX 3060 náà kì í ṣe ìfiṣòfò, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́ tán. GTX 1650 ti 4 GB kì í gba node mẹ́fà ní 4K kí Resolve tó kọ ọ́ síwájú mi pé mẹ́mórì GPU ti kún. Láti ìgbà tí 12 GB ti wọlé, mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ yẹn mọ́. Noise reduction tó wà nínú Studio, èyí tó ń fọ hóró-hóró tí ń hàn nínú fídíò tí wọ́n yà nínú òkùnkùn, orí káàdì ló ń gbé, ó sì wúwo. Fídíò ìsìn àìsùn tí wọ́n fi fìtílà yà ní abúlé, mo fi fọ̀ ọ́, ojú àwọn àgbà tó jókòó lẹ́yìn wá hàn. Nítorí náà, káàdì wúlò fún àwọ̀ àti render. Fún títú fáìlì 4:2:2 ni kò wúlò, ìyẹn gan-an ni mo sì torí rẹ̀ rà á.

Ní ti ohùn, Studio ní ohun kan tí wọ́n ń pè ní Voice Isolation. Ẹ tàn án, ariwo jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn á lọ pátá, ẹ ó máa gbọ́ àdúrà bàbá ìyàwó bí ẹni pé inú yàrá ni wọ́n wà. Lórí ìwàásù àti ẹ̀jẹ́ ìgbéyàwó, mi ò tíì rí ohun tó dára tó o. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn ni wọ́n ṣe é láti dá mọ̀. Gángan kì í ṣe ohùn èèyàn lójú rẹ̀, ó ń ka gángan mọ́ ariwo, ó sì ń yọ ọ́ dànù. Lójú tiwa, gángan ń sọ̀rọ̀. Tí aláàga bá béèrè ọ̀rọ̀, tí ìlù sì dá a lóhùn, tí àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ẹni tó bá yọ ìlù kúrò ti yọ ìdí ẹ̀rín náà. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń ní track méjì: ọ̀kan tí mo tan Voice Isolation sí, ọ̀kan tí mi ò fọwọ́ kàn. Ìgbà tí wọ́n bá ń gbàdúrà, mo lo ti àkọ́kọ́. Bí onílù bá ti gbé ọ̀pá sókè, mo ti bọ́ sí èkejì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín tan án sí gbogbo fídíò lódindi kó sì lọ sùn.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú sọ́fítíwià náà kò tíì dára tó bó ṣe yẹ. Studio lè gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, èdè Jámánì àti ti Sípéènì, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Yorùbá kò sí lára èdè tó wà nínú ẹ̀dà tí mò ń lò. Ọwọ́ ni a fi ń tẹ gbogbo ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù wa, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Fíìmù wákàtí méjì lè gba ọjọ́ mẹ́ta. Fọ́ọ̀ǹtì tún wà ńbẹ̀: púpọ̀ nínú àwọn tó rẹwà kò ní lẹ́tà tó gbé àmì lórí, tó tún ní àmì nísàlẹ̀. Ẹ tẹ ẹ̀gbọ́n, àmì òkè yóò fò lọ sórí lẹ́tà kejì, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbi tó yẹ kí ẹ̀ wà. Noto Sans ni mo fi ń ṣe gbogbo iṣẹ́ mi báyìí, kì í já mi kulẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni. Èmi ò gbà pé kí a yọ àmì kúrò torí pé ó ń fúnni níṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí òkè òkun ń fi ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù kọ́ èdè, ohun tí wọ́n bá rí níbẹ̀ ni wọ́n máa gbà.

RAM, mo sọ 16 GB di 32. Blackmagic fúnra wọn dámọ̀ràn 32 fún ẹni tó bá ń lo Fusion, apá Resolve tí wọ́n fi ń ṣe àrà sínú àwòrán, mo sì rí i pé òótọ́ ni. Mo ra SSD NVMe, ibi ìpamọ́ tó yára ju hard disk lọ, ti 2 TB fún iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́. Hard disk ńlá tí mo ní tẹ́lẹ̀ di ibi ìpamọ́ iṣẹ́ tó ti parí. Kí n tó ṣe bẹ́ẹ̀, tí mo bá ń fò láti kámẹ́rà kan sí èkejì, mò ń gbọ́ bí hard disk náà ṣe ń ta kẹ́kẹ́kẹ́ tó ń wá fáìlì kiri. Báyìí, yàrá dákẹ́.

Iná ni mo fi ń díwọ̀n gbogbo rẹ̀. Fídíò ogójì ìṣẹ́jú tó ń gba kọ̀ǹpútà àtijọ́ ní wákàtí mẹ́ta dín ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti render, ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ló ń gbà báyìí. Jẹnẹrétọ̀ mi ń mu nǹkan bíi lítà kan àbọ̀ ní wákàtí kan, èyí tó fi hàn pé lítà mẹ́ta ó lé ni mo ń rí fi pamọ́ lórí fídíò kan. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní 2023, ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Pírósẹ́sọ̀ yìí lè fa 180 watt tó bá ń sáré gidi, káàdì náà 170, torí náà ẹ má ṣe fi power supply yẹpẹrẹ gbé wọn. 650 watt ni tèmi. UPS wà láàárín wọn àti iná ìjọba. Tí NEPA bá mú iná lọ lójijì, tí UPS náà bá tún kọ̀, Live Save inú Resolve ti ń tọ́jú gbogbo ohun tí mo bá ṣe bí mo ṣe ń ṣe é. Ó ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan péré lẹ máa ṣọ́ra fún: iṣẹ́ tí ẹ bá fi ẹ̀dà tuntun Resolve ṣí kì í ṣeé fi ẹ̀dà àtijọ́ ṣí mọ́. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ má sì ṣe gba ẹ̀dà tuntun sínú kọ̀ǹpútà nígbà tí iṣẹ́ oníbàárà bá wà ní àárín.

Fún ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, ẹ gba MediaInfo, ọ̀fẹ́ ni, ẹ fi ṣí fáìlì kan láti inú kámẹ́rà tí wọ́n fi ń bá yín ṣiṣẹ́. Yóò sọ fún yín bóyá 4:2:0 ni tàbí 4:2:2. Tó bá jẹ́ 4:2:2 ló ń yọ yín lẹ́nu, A7 IV gan-an lè ya 10-bit ní 4:2:0 nínú XAVC HS kan náà. GTX 1650 tí mo kórìíra yẹn lè tú ìyẹn. Ká ní mo mọ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú kan pẹ̀lú oní-kámẹ́rà ni ì bá yanjú Ọjọ́rú burúkú yẹn, láìná kọ́bọ̀. Mo ti bá wọn ṣàdéhùn báyìí: ìgbéyàwó inú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ le, 4:2:2, ìsìnkú ojú ọ̀sán lábẹ́ kánópì, 4:2:0 ti tó.

Mi ò ta i5-12400F náà. Mo wá mọ́dábọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ kan, mo to òun àti GTX 1650 pọ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi, mo sì fi ìdajì kejì key Studio yẹn sí i fún un. Fáìlì A7 III ni mo ń gbé fún un. Ó ti gé ìwúyè kan àti ìsìnkú méjì lórí rẹ̀ láàárín oṣù yìí, kò sì sí èyí tó pẹ́ ju ọjọ́ tí a dá lọ.